Ohùn Méjì Lẹ́nu Aṣa

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún nǹkan méjì: ohùn ni èyí tó ń ti ọ̀fun ènìyàn jáde, ohùn náà sì ni gíga àti ìlọsílẹ̀ orí sílébù kọ̀ọ̀kan, èyí tó mú kí ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí èrò ń wọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí orin Bùkọ́lá Elemide, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Aṣa, fi ń wọni lára, àfi kó fetí sí ohùn méjèèjì pọ̀, nítorí ibi tí wọ́n ti pàdé ni ọgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ wà.

Ìlú Paris ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1982, àmọ́ Èkó ló ti dàgbà. Ẹyẹ àṣá ló sì ti mú orúkọ tó fi ń kọrin. Bàbá rẹ̀, tó ń fi kámẹ́rà ya fíìmù, ní àwo orin rẹpẹtẹ nílé, ti Fẹlá, ti Ebenezer Obey, ti Bob Marley àti ti Marvin Gaye, tó jẹ́ àgbà nínú orin sóòlù, ìyẹn orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fà yọ láti inú orin ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n wá fi ń kọ nípa ìfẹ́ àti ìnira ojoojúmọ́. Sóòlù yìí ni Aṣa gbé ka orí gìtá, tó sì ń fúnra rẹ̀ dá orin sí, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ohùn ọ̀fun rẹ̀ kì í dún gooro bí agogo. Ìsàlẹ̀ ló sábà máa ń wà, ó sì há díẹ̀ bí ohùn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Níbi tí akọrin mìíràn yóò ti máa fa ohùn lọ, tí yóò máa fà á bọ̀, òun a gé e, a sì jẹ́ kí gìtá sọ èyí tó kù.

Ti ohùn ọ̀rọ̀ ló ṣòro jù. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá, tí wọ́n sì fi í sí orí orin òyìnbó bó ṣe wà, ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ àwọn ìjọ lẹ́nu, nítorí orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá àgbà Fẹlá, wà lára àwọn tó wá ọ̀nà mìíràn, tó jẹ́ pé orin tó bá ahọ́n Yorùbá mu ló ń dá. Ó sì gba púpọ̀ nínú wọn sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ọ̀nà yẹn ni Aṣa ń tọ̀ nígbàkígbà tó bá kọ Yorùbá. Ẹ wo àkọlé orin rẹ̀, Ẹyẹ Àdàbà, tó wà nínú àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 2007: sílébù méjì wà ní ohùn àárín, mẹ́ta tó tẹ̀ lé e wà ní ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹyẹ tó ń wá ibi tí yóò bà sí. Àdúrà sì ni orin náà, pé kí àdàbà wá bà léni. Ẹni tó bá kàn pe orúkọ ẹyẹ yìí ti kọ ìdajì orin.

Nínú V, àwo rẹ̀ ti ọdún 2022, tí Wizkid àti The Cavemen bá a kọrin, ìlù ijó gba iwájú. Ó dùn, àmọ́ ohùn tó há yẹn kò ráyè tó bó ṣe yẹ.

Àwọn ará Faransé fún un ní ẹ̀bùn orin Prix Constantin ní ọdún 2008, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ohùn ọ̀fun nìkan ni wọ́n gbọ́, ó sì tó wọn. Nílé níbí náà, ní Obajana, lẹ́bàá Lọ́kọ́ja, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti kó onírúurú ẹ̀yà jọ, ẹni tó gbọ́ Yorùbá àti ẹni tí kò gbọ́ ọ lè wà nínú mọ́tò kan náà. Àlejò tí kò gbọ́ Yorùbá yóò gbọ́ bí àwọn ará Faransé ṣe gbọ́. Ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀, ọmọ Yorùbá agbègbè náà, tó jókòó tì í kì í sọ Yorùbá bí ará Èkó, àmọ́ ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ wà nínú ẹ̀ka èdè tirẹ̀ náà, nítorí náà, bí Aṣa bá ti pe àdàbà, yóò gbọ́ bí ẹyẹ náà ṣe ń sọ̀ kalẹ̀.