Oúnjẹ, Ewé àti Ìtọ́jú Àrùn Jẹjẹrẹ

Bí èso kòkó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú tí ó sì ń jẹrà lórí igi, àgbẹ̀ tí ó gbọ́n kì í rò pé ajílẹ̀ nìkan ni yóò wò ó sàn. Yóò já èyí tí ó ti bàjẹ́ kúrò, yóò fín oògùn sí èyí tí ó kù, lẹ́yìn náà ni yóò ro ìdí igi tí yóò sì bọ́ ilẹ̀, kí igi náà lè ní agbára láti tún so. Iṣẹ́ méjì ni wọ̀nyí, ọ̀kan kò sì lè dúró ní ipò èkejì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn àrùn jẹjẹrẹ rí nínú ara ènìyàn.

Jẹjẹrẹ kì í ṣe èpè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn bí ikọ́. Ara kún fún àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Wọn a máa pín, wọn a máa kú, titun a sì máa rọ́pò wọn ní ètò. Nígbà tí díẹ̀ nínú wọn bá ṣọ̀tẹ̀ sí ètò yìí, tí wọ́n ń pọ̀ sí i láìdáwọ́dúró tí wọ́n sì ń tàn kálẹ̀, èyí ni jẹjẹrẹ. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni àwọn oníṣègùn fi ń bá a jà: wọn a fi ọ̀bẹ gé e kúrò, wọn a fi ìtànṣán alágbára pa á, tàbí kí wọn fún aláìsàn ní oògùn tí ń pa sẹ́ẹ̀lì búburú náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilé ìwòsàn kẹ́gàn ewé. Òdòdó kékeré kan wà, funfun tàbí aláwọ̀ bí òṣùpá àlùkò, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn sí iwájú ilé fún ẹwà. Erékùṣù Madagásíkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Ní ilẹ̀ Kánádà, Robert Noble àti Charles Beer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí a gbọ́ pé àwọn kan ń fi í tọ́jú àtọ̀gbẹ. Kò ran àtọ̀gbẹ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ní 1958 wọ́n kéde oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n rí nínú rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ vinblastine. Síbẹ̀, kì í ṣe àgbo ewé náà ni dókítà ń fún aláìsàn mu, nítorí májèlé ni. Wọ́n yọ ohun tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n dán an wò, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n fún olúkúlùkù.

Òmíràn wà tí a dán wò tí kò yege. Òkìkí laetrile kàn púpọ̀ ní Amẹ́ríkà; nínú kóró èso apricot ni irú rẹ̀ wà. Ní 1982 àwọn oníṣègùn tẹ àbájáde ìdánwò kan jáde: aláìsàn 178 ni wọ́n fún ní oògùn yìí pẹ̀lú oúnjẹ pàtàkì àti fítámì. Kò wo ẹnikẹ́ni sàn, kò sì fa ẹ̀mí wọn gùn. Oró sì hàn nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn mìíràn, irú oró kan náà tí ó wà nínú ẹ̀gẹ́ kíkorò, èyí tí àwọn obìnrin ń tìtorí rẹ̀ rin ẹ̀gẹ́, tí wọ́n ń jẹ́ kí ó kan, tí wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ dànù kí wọn tó yan án ní gàrí.

Ní 2018, àwọn oníṣègùn Yale ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn ènìyàn 281 tí jẹjẹrẹ wọn kò tíì tàn jìnnà, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ ìtọ́jú ilé ìwòsàn tí wọ́n sì yan ọ̀nà mìíràn nìkan. Ewu ikú wọn tó ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú. Ti àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ ọmú ju ìlọ́po márùn-ún lọ.

Kí wá ni iṣẹ́ oúnjẹ? Oúnjẹ ni ó ń gbé aláìsàn ró kí ó lè fara da ìtọ́jú títí dé òpin. Oògùn jẹjẹrẹ a máa mú inú rìn, a máa dá egbò sí ẹnu, oúnjẹ a sì sú ènìyàn. Bí ó bá rù jù, ìtọ́jú lè dúró. Nítorí náà kí ó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́: ẹ̀kọ mímu tí a fi mílíìkì tàbí ẹ̀wà sóyà sí, ọ̀lẹ̀, ẹja, ẹyin tí ó jinná dáadáa. Bí ẹnu bá dá egbò, kí a dín ata kù. Atalẹ̀ díẹ̀ lè dẹ inú rírìn, bí dókítà bá fọwọ́ sí i. Oògùn náà a máa dín agbára ara láti dojú kọ àrùn kù. Nítorí náà kí a fọ èso mọ́, kí a má ṣe fún un ní wàrà tútù, kí a sì má ṣe fi ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí ó ti bu se oúnjẹ rẹ̀. Bí agbára bá wà, kí ó máa rìn díẹ̀ lójoojúmọ́.

Ní ti àgbo, kí aláìsàn má ṣe fi í pamọ́ fún dókítà. Àgbo mìíràn a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, òmíràn a sì máa sọ oògùn ilé ìwòsàn di aláìlágbára tàbí kí ó sọ ọ́ di májèlé.

Obìnrin tí ó bá fọwọ́ kan kókó ní ọmú rẹ̀, kí ó má ṣe dúró nítorí pé kò dun òun. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ kì í dunni ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí ó lọ fi í han dókítà ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.