Erìgì Onífónẹ́tíìkì àti Erìgì Olùtọ́jú Eyín: Àkíyèsí lórí Orúkọ Ẹ̀yà Ẹnu ní Èdè Yorùbá

Ní ọdún tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú eyín bẹ̀ mí pé kí n bá wọn lọ sí abúlé kan ní agbègbè Kétu, kí n máa ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Faransé ni wọ́n fi kọ́ gbogbo orúkọ ẹ̀yà ẹnu, àwọn ìyá tó kó ọmọ wá fún àyẹ̀wò kò sì gbọ́ Faransé. Mo rò pé iṣẹ́ náà kò ní nira fún mi. Láti ọdún kìíní mi ní yunifásítì ni mo ti ń ya àwòrán ẹnu tí a là sí méjì, tí mo ń kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sí i: ètè, eyín, erìgì, àjà ẹnu, àfàsé, ahọ́n, káà ọ̀fun.

Ìbéèrè kẹta tí wọ́n ní kí n bi ìyá kan ni pé ṣé gencive rẹ̀ máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tó bá ń fọ ẹnu. Mo yí i sí Yorùbá: «Màmá, ṣé ẹ̀jẹ̀ máa ń jáde ní erìgì yín tí ẹ bá ń run pákò?» Ìyá náà fi ìka kan eyín ẹ̀yìn, ó mirí, ó ní rárá, kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ «non» sílẹ̀. Nígbà tí ìyá náà wá la ẹnu, ẹran tó yí ìdí eyín iwájú rẹ̀ ká ti pọ́n, ó ti wú. Irin àyẹ̀wò kàn án díẹ̀ báyìí, ẹ̀jẹ̀ yọ. Mo tún ìbéèrè náà bi í, mo sì fi ìka hàn án nínú ẹnu ara mi. Ó ní: «Ẹran ìdí eyín lo ń wí, ọmọ mi? Ìyẹn ń ṣẹ̀jẹ̀ láràárọ̀. Erìgì lo sọ, mo rò pé eyín tí mo fi ń rún ẹran lò ń béèrè.»

Tèmi ni àṣìṣe náà, kì í ṣe tirẹ̀. Inú ìwé ni mo ti kọ́ erìgì tí mo gbé lọ sí abúlé. Bí ìyá yìí ṣe lò ó kì í sì í ṣe àjèjì: àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá náà fi erìgì pe eyín líle tí kìnnìún fi ń jẹ ẹran, nínú ìwé Jóẹ́lì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn ń lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹran tó di eyín mú. Nígbà tí àwọn onímọ̀ èdè wá jókòó láti ṣe èdè-ìperí, iṣẹ́ tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, ohun tí wọ́n ń wá ni orúkọ fún ibi tí a ti ń pe ìró. Fún onífónẹ́tíìkì, erìgì ni òkè kékeré tó wà lẹ́yìn eyín òkè, níbi tí ahọ́n ti ń kan nǹkan nígbà tí a bá pe [t], [d], [n] tàbí [l]. Ó tẹ́ wa lọ́rùn bẹ́ẹ̀. A kò bìkítà bóyá ẹran ni tàbí egungun, a kò sì ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, nítorí kò sí ìró Yorùbá kankan tí a ń pè níbẹ̀.

Olùtọ́jú eyín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹran náà lọ́tọ̀, ó yí gbogbo eyín ká lókè àti nísàlẹ̀, nínú àti níta. Egungun tí gbòǹgbò eyín rì sí lọ́tọ̀. Láàárín ẹran àti eyín, àlàfo tóóró kan wà tí jíjìn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 1 sí 3 lọ bí ara bá dá. Ibẹ̀ ni irin àyẹ̀wò ń wọ̀. Ìyàtọ̀ ẹran sí egungun yìí ni gbogbo iṣẹ́ wọn dá lé. Bí àìsàn bá wà nínú ẹran nìkan, èyí tí Faransé ń pè ní gingivite, fífọ eyín dáadáa àti yíyọ ìdọ̀tí tó le mọ́ ọn lè mú un san pátápátá. Bó bá ti wọ inú egungun, tó di parodontite, egungun tó ti jẹ kì í sábà padà fúnra rẹ̀. A lè dá àìsàn náà dúró, ṣùgbọ́n eyín tí kò ní egungun nídìí mọ́ yóò máa mì títí tí yóò fi bọ́. Tó bá jẹ́ erìgì ni a pe méjèèjì, báwo ni a ṣe fẹ́ sọ fún ìyá yẹn pé àìsàn rẹ̀ ṣì wà nínú erìgì, kò tíì dé erìgì?

Ohun tí mo dábàá ni pé kí erìgì dúró sí yàrá fónẹ́tíìkì, kí a sì gba ọ̀rọ̀ ìyá náà fún iṣẹ́ eyín: ẹran ìdí eyín, egungun ìdí eyín, àlàfo ìdí eyín. Olùkọ́ mi kan ní ó gùn jù fún èdè-ìperí. Òótọ́ ni, ó gùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kì í béèrè ìtumọ̀ rẹ̀, àti pé ìdí tó wà láàárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi hàn pé ibì kan náà ni wọ́n wà.

Kì í ṣe pé fónẹ́tíìkì kò wúlò fún wọn o. Ibi tó ti ràn wá lọ́wọ́ jù ni orúkọ ojú eyín. Eyín ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ní ojú márùn-ún, olùtọ́jú eyín sì gbọ́dọ̀ lè sọ èyí tí ìdọ̀tí wà lára rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ pe èyí tó wà lápá ahọ́n ní «ojú ahọ́n», àmọ́ ojú ahọ́n gan-an ni ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò, èyí tí a ń ha nígbà tí a bá ń fọ ẹnu. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ kan bá yán òmíràn, Yorùbá kì í sọ fún wa bóyá ojú ti ahọ́n ni tàbí ojú tó kọ sí ahọ́n. Mo wá rántí aferìgìpè, afàjàpè àti afàfàsépè. Bákan náà ni a ṣe ṣẹ̀dá gbogbo wọn: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe fi, orúkọ ẹ̀yà ẹnu, lẹ́yìn náà pè, tí fáwẹ̀lì fi sì ti jẹ́ pípajẹ. Bí a bá fi kọjú sí rọ́pò fi… pè, a ó ní akọjúsáhọ́n fún ojú tó wà lápá ahọ́n, akọjúsájà fún ti eyín òkè tó kọjú sí àjà ẹnu, akọjúsáàárín fún èyí tó kọjú sí ìlà àárín ẹnu, àti akọjúsẹ́yìn fún òdìkejì rẹ̀. Ojú ìjẹ ni èyí tó kù lára eyín ẹ̀yìn, níbi tí oúnjẹ ti ń di lílọ̀. Eyín iwájú kò ní in. Etí tó fi ń gé nǹkan ló ní.

Ojú tó kọ síta ló dùn mọ́ mi jù. Faransé ń pè é ní vestibulaire, láti ara ọ̀rọ̀ Látìn kan tó túmọ̀ sí ìloro ilé. Àlàfo tó wà láàárín eyín àti ètè tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi wé ìloro. Àwa náà ti ń wo ẹnu bí ilé kí a tó mọ̀ wọ́n: àjà ni òkè ẹnu, bí àjà ilé, inú ọ̀fun sì ní káà. Ìloro nìkan ni kò tíì sí nínú ilé náà. Akọjúsíloro wọlé láìsí wàhálà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà sì gbá a mú lójú ẹsẹ̀.

Nọ́ńbà eyín kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ètò FDI tí wọ́n ń lò pín ẹnu sí mẹ́rin: 1 ni òkè lápá ọ̀tún, 2 òkè lápá òsì, 3 ìsàlẹ̀ lápá òsì, 4 ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọ̀tún aláìsàn ni o, kì í ṣe ti ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Nọ́ńbà kejì ń ka eyín láti àárín ẹnu lọ sẹ́yìn, láti 1 dé 8. Eyín 26 túmọ̀ sí eyín kẹfà lókè lápá òsì. Ẹ wá fi Yorùbá kà á: mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èjì kò sí níbẹ̀, ẹ̀fà kò sí níbẹ̀, ẹ̀rin tí kò kan ọ̀rọ̀ náà ló kọ́kọ́ dún. Eyín 34, tó jẹ́ eyín kẹrin ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ni mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Lé àti dín nìkan ló ya eyín òkè kúrò lára eyín ìsàlẹ̀, nínú yàrá tí ọmọdé ti ń sunkún, tí ẹnìkan ń pè, tí ẹnìkejì ń kọ sílẹ̀. Ètò ìkàyé wa tó ń yọ kúrò dára fún owó àti iṣu. Fún èyí, ẹ jẹ́ kí a máa pe «èjì, ẹ̀fà» lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí àwọn tó ṣe ètò náà ṣe fẹ́ kí a pè é.

Àwọn eyín kẹfà yìí ló ń kó àwọn òbí sí ìṣòro jù. Ọmọdé ní eyín 20, àgbà ní 32. Nígbà tí ọmọ bá tó bí ọmọ ọdún 6, eyín kẹfà ń yọ lẹ́yìn gbogbo eyín ọmọdé, láìjẹ́ pé eyín kankan ká kí ó tó yọ. Òbí rò pé eyín ọmọdé ni, yóò ká, òmíràn yóò hù. Kò sí òmíràn. Mo gbìyànjú «eyín àgbà àkọ́kọ́» pẹ̀lú àwọn ìyá náà, ó sì yé wọn ju nọ́ńbà lọ.

Fún funfun líle tó bo orí eyín, ẹnìkan nínú wọn ti ń lo èèpo. N kò fara mọ́ ọn. Èèpo igi máa ń hù padà bí a bá bó o. Èyí tó bo eyín kò ní ohun alààyè nínú tí yóò tún un ṣe, bó ti wù kó le tó, òun tí kò sí ohun tó le tó o nínú ara ènìyàn. Mo fi wé abọ́ tánganran, irin tí wọ́n fi nǹkan funfun dídán bò: ibi tó bá ti bó lára rẹ̀, ó bó nìyẹn, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Émail tí Faransé ń pè é, orúkọ kan náà ni fún abọ́ àti eyín. Ní ti kòkòrò eyín, ẹ má jẹ́ kí a bá àwọn àgbà jà lórí rẹ̀. Kòkòrò wà lóòótọ́, àmọ́ ojú lásán kò rí i, kò sì fi ẹnu jẹ eyín: ṣúgà ló ń jẹ, ohun kíkan tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló ń jẹ eyín.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àkọtọ́. Nínú ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, mo rí «eyin eyin», láìsí àmì ohùn, láìsí àmì abẹ́. Ṣé eyín ẹ̀yìn ni, tàbí ẹ̀yìn eyín? Ìkíní jẹ́ eyín kan, ìkejì jẹ́ ibì kan. Níbí, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975, ń kọ ɛ sí ipò ẹ. Eyin ɛyin kò lè dàrú mọ́ ɛyin eyin, kódà bí akọ̀wé bá gbàgbé àmì ohùn. Àmì abẹ́ ni mo lò níhìn-ín nítorí pé inú ìwé Nàìjíríà ni púpọ̀ nínú èdè-ìperí wa ti wá, ṣùgbọ́n ɛ ni mo ní kí wọ́n lò lórí ìwé àyẹ̀wò.

Ó ku àpótí kan lórí ìwé náà. Àlàfo tó wà láàárín eyín 11 àti 21, diastème ni wọ́n pè é, abẹ́ «àbùkù» ni wọ́n sì fi í sí. Ọmọbìnrin kan tó ní in ń rẹ́rìn-ín sí wa bí wọ́n ṣe ń fàmì sí i. Mo bi ìyá rẹ̀ pé kí ni ó ń pè é. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́ Yorùbá: «Èjí ni. Ẹwà ni. Ṣé ẹ̀yin ò ní in nílé yín ni?» A pa àmì náà rẹ́, a sì kọ èjí sí abẹ́ ìrísí.