Ta Ni Yóò Bá Aláìsàn Lọ?
Bí a bá ti pinnu láti gbé aláìsàn lọ gba ìtọ́jú ní Íńdíà, owó ni ọkàn wa máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ìwé ni kí a kọ́kọ́ wá. Láìsí lẹ́tà ilé-ìwòsàn tí yóò gbà á lọ́hùn-ún, kò sí fíísà ìtọ́jú. Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ 10 lára kí a tó gúnlẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n lè yà wá sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 6. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yìí lè pa ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ ti gba agbára ara rẹ̀ lára. Ẹ bi dókítà léèrè ná.

Ìjọba Íńdíà fàyè gba ẹni méjì láti tẹ̀ lé aláìsàn. Ọmọ tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ ni a sábà máa ń yàn, àṣìṣe sì ni. Bí ìyá bá wí pé, ‘Àyà mi ń já,’ ṣé ẹ̀rù ni ó ń bà á, tàbí ọkàn rẹ̀ ni ó ń lù kìkìkì? Ògbufọ̀ tí kò mọ ìyàtọ̀ yóò sọ ọ̀kan fún dókítà, yóò sì gbé èkejì mì. Ẹni tí ó ń bá ìyá gbé ni kí ó lọ. Kí ó sì kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ìyá ń lò, títí kan àgbo, sínú ìwé kí wọ́n tó kúrò nílé.