Ṣé O Mọ̀? Fóònù Lè Ka Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n

Ṣé o mọ̀ pé àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀lé e lè tú àṣírí àìsàn ọpọlọ? Bí o bá mú bàbá tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n láti Sábó lọ sí ọsibítù Yunifásítì Ahmadu Bello ní Ṣíkà, Zaria, dókítà lè ní kí wọ́n fi ìka méjèèjì kan ara wọn lẹ́ẹ̀mẹwàá, kíákíá, kí wọ́n sì máa yà wọ́n dáadáa. Bó bá jẹ́ àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní Parkinson ni, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, àmọ́ bó ṣe ń lọ ni ìka á máa falẹ̀, tí kò ní fi bẹ́ẹ̀ yà mọ́, nígbà mìíràn tí á dúró gbagidi. Dókítà á wá fún wọn ní máàkì, láti 0 dé 4.

Ojú lásán ni dókítà fi ń wò ó o! Dókítà méjì lè wo ọwọ́ kan náà kí máàkì wọn má bára mu. Ibẹ̀ ni kámẹ́rà ti wúlò.

Ṣé o mọ̀ pé fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ lè ya àwòrán 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan? Ọwọ́ Parkinson máa ń gbọ̀n bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin sí ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín àkókò yẹn. Kò ní bọ́ mọ́ fóònù lójú. Google ní ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, MediaPipe, tó ń tọ́ka ibi 21 lára ọwọ́ kan nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, láti ọrùn ọwọ́ títí dé ṣónṣó ìka, kí a lè fi wọn bí ìka ṣe ń yára àti bó ṣe ń yà tó. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú rẹ̀ ni pé kò béèrè yàrá olówó ńlá.

Ìlú Ìgbò-Ọrà tí a mọ̀ mọ́ ìbejì náà wà nínú ìtàn Parkinson. Ní 1988, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Òṣúntókun wà lára àwọn tó gbé ìwádìí ojúlé-dé-ojúlé jáde: Parkinson tí wọ́n rí níbẹ̀ kéré gan-an sí ti àwọn adúláwọ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Ní 2023, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Èkó wà lára àwọn tó ṣàwárí àyípadà kan nínú àbùdá GBA1, lára àwa adúláwọ̀, tó ń fi kún ewu àìsàn náà.

Oògùn rẹ̀ ńkọ́? Levodopa, oògùn Parkinson gan-an, wà nínú èso wèrèpè. (Má dá a lò o, ìwọ̀n rẹ̀ kì í dúró sójú kan.) Agbára levodopa máa ń lọ sókè sódò lójúmọ́ kan náà, nítorí náà ọwọ́ tí dókítà rí láàárọ̀ lè yàtọ̀ sí èyí tí ẹ ń rí nílé lálẹ́.

Bí ọwọ́ ẹnìkan nílé bá ń gbọ̀n nígbà tó gbé e lé itan, jọ̀ọ́, má ṣe sọ pé ogbó ni, má sì kà á sí àwọn ayé lọ́rùn. Ya fídíò ọwọ́ méjèèjì, ya bó ṣe ń rìn, kọ aago tó lo oògùn sílẹ̀, kí o sì gbé e lọ fún dókítà.