Ìlò Exosome Sẹ́ẹ̀lì Aláàbò Ara fún Ìtọ́jú Àrùn Jẹjẹrẹ
Exosome ni àpò bíńtín tí sẹ́ẹ̀lì máa ń tú síta. Ìbú rẹ̀ wà láàrin nánómítà 30 sí 150. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀ ní 1983, pàǹtí lásán ni ọ̀pọ̀ kà á sí. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ti inú sẹ́ẹ̀lì dendritic, tí í ṣe alóre ara, jáde lè gbé àmì jẹjẹrẹ dání, kí ó sì fi ta àwọn sẹ́ẹ̀lì jagunjagun jí.

Ní 1998, Laurence Zitvogel àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé fi irú àpò yìí gún eku ní abẹ́rẹ́. Kókó jẹjẹrẹ kò lè dàgbà mọ́, òmíràn tilẹ̀ pòórá.

Ti ènìyàn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2016, aláìsàn 22 tí ó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró gba exosome tí a ṣe láti ara sẹ́ẹ̀lì tiwọn, lẹ́yìn ìtọ́jú olóògùn. Ìdajì wọn ni àwọn olùwádìí fojú sí pé àrùn náà yóò dúró lójú kan fún oṣù mẹ́rin. Méje péré ni ó rí bẹ́ẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n lára àwọn kan, sẹ́ẹ̀lì NK, tí í pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ láìdúró de àmì kankan lọ́wọ́ alóre, túbọ̀ lágbára sí i.