Fọ́tò irọ́ tí mo pín lálẹ́ ọjọ́ Lekki

Mo fẹ́ fẹ̀sùn kan ara mi kí n tó fẹ̀sùn kan ẹlòmíì.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 20, oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, inú yàrá mi ni mo wà, tí mo di fóònù mú. Ìjọba Èkó ti kéde kónílé-ó-gbélé. Lórí Instagram, DJ Switch ń fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní tóò-géètì Lekki hàn wá: òkùnkùn, ìró ìbọn, àwọn ọ̀dọ́ tó di àsíá Nàìjíríà mú, àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ìbọn bà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ibẹ̀ ni fọ́tò kan ti já wọ orí WhatsApp mi. Òkú sùn lọ rẹrẹẹrẹ nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbi gbogbo. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé Lekki ni, báyìí báyìí. Mi ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ibi tó ti wá. Mo pín in sí gúrúùpù mẹ́rin, títí kan ti ẹbí wa.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti tú àṣírí ẹ̀. Fọ́tò ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni, ilẹ̀ òkèèrè sì ni wọ́n ti yà á. Àbúrò bàbá mi kan wà nínú gúrúùpù ẹbí náà, Bàbá Mọ́kọ́lá la máa ń pè é. Òun ló kọ́kọ́ fèsì: “Lọ́yà wa, ṣé ẹ̀rí tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ní rèé?” Láti ọjọ́ yẹn, bí ẹnikẹ́ni bá ti dárúkọ Lekki, fọ́tò yẹn ni wọ́n máa ń tún gbé jáde fún wa. Gbogbo ohun tí mo fojú mi rí lórí Instagram lálẹ́ ọjọ́ náà di ìtàn àròsọ lójú wọn, nítorí ohun kan ṣoṣo tí mi ò rí tí mo ní mo rí.

Ẹ jẹ́ ká ránra wa létí bọ́rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n dá ikọ̀ SARS sílẹ̀ láti gbógun ti àwọn adigunjalè. Nígbà tó yá, kò gba kó o jalè kí wọ́n tó mú ẹ. Kó o ṣáà ní dàda lórí, kó o gbé láàpútọ́ọ̀pù dání, kó o wa mọ́tò tó ju ọjọ́ orí ẹ lọ, ọmọ Yàhú ni ẹ́ nìyẹn. Wọ́n á gba fóònù ẹ, wọ́n á tú u wò, wọ́n á sì tì ẹ́ dé ìdí ATM. Láti ọdún 2017 ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pariwo #EndSARS lórí ayélujára. Gbogbo ìgbà tí ariwo bá pọ̀ ni ìjọba máa ń kéde àtúnṣe, gbogbo ìgbà náà ni ikọ̀ náà sì máa ń padà sójú pópó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, fídíò kan jáde láti Ughelli ní ìpínlẹ̀ Delta, ó sì dáná sọ́rọ̀ náà. Ní ọjọ́ 10 oṣù náà, ìbọn pa Jimoh Isiaq lásìkò ìwọ́de ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn ará ìlú ní ọlọ́pàá ló yìn ín, àwọn ọlọ́pàá ní afẹ́fẹ́ tajútajú nìkan làwọn lò. Lọ́jọ́ kejì, Mohammed Adamu tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà kéde pé wọ́n ti tú SARS ká. Ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n gbé ikọ̀ míì jáde, wọ́n pè é ní SWAT. Ṣé ẹ rí i pé kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn ọ̀dọ́ ò kúrò lójú títì?

Lẹ́yìn ìbọn Lekki wá ńkọ́? Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn aláṣẹ ṣe ń yí. Lórí Twitter, iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ “fake news” lu ìròyìn tí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn gbé. Nígbà tó yá, wọ́n ní lóòótọ́ làwọn lọ síbẹ̀, ìjọba Èkó ló ké sáwọn, àmọ́ àwọn ò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí, Ọ̀gágun Ahmed Taiwo ní ọta tí kì í pa èèyàn làwọn ọmọ ogun yìn sójú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n tún bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó gbà pé ọta gidi náà wà lọ́wọ́ wọn. Gómìnà Babajide Sanwo-Olu kọ́kọ́ ní ẹ̀mí kankan ò bọ́. Kò pẹ́ tó fi ní ẹnì kan ti kú sílé ìwòsàn. Ní ti Lai Mohammed, mínísítà fún ètò ìròyìn, ó ní ìpakúpa tí kò ní òkú ni. Àjọ NBC sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé Channels, AIT àti Arise lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n ṣẹ̀? Wọ́n ní wọ́n lo fídíò orí ayélujára tí wọn ò wádìí dáadáa.

Ibẹ̀ yẹn gan-an lọ̀rọ̀ fi kàn mí. Irú fọ́tò tí mo pín ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Èmi nìkan kọ́ ni mo pín irú ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà, wọ́n pín in kiri pé ìbọn ba òṣèré kan, òun fúnra ẹ̀ ló jáde wá sọ pé òun wà lálàáfíà. Gbogbo irọ́ tí a bá fi kún òtítọ́ tiwa, ẹni tó fẹ́ sẹ́ òtítọ́ yẹn ló máa ń mú un lò. Ẹni tó bá ti wọ kóòtù rí mọ̀ ọ́n: bí lọ́yà kejì bá lè mú irọ́ kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí, kò ní bá ìyókù jà mọ́. Á kàn yíjú sí adájọ́, á ní, “Olúwa mi, ẹ̀yin náà ti gbọ́.”

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ìgbìmọ̀ tí adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí gbé àbọ̀ ìwádìí wọn fún ìjọba Èkó ní ọjọ́ 15, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021. Wọ́n ní àwọn ọmọ ogun yìnbọn lu àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbé ohun ìjà dání, pé a lè pe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpakúpa. Wọ́n to orúkọ èèyàn 48 sílẹ̀: àwọn tó kú, àwọn tí ìbọn bà, àwọn tí wọ́n lù, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́. Ní ìparí oṣù yẹn, ìjọba Èkó gbé èsì tiwọn jáde. Wọ́n tọ́ka sí àwọn ibi tí àkọsílẹ̀ náà ò ti bára mu nípa iye òkú, wọ́n sì fi ìyẹn kọ ohun tí ìgbìmọ̀ sọ pé èèyàn mẹ́sàn-án kú ní tóò-géètì. Àlàfo kékeré nínú ìwé ni wọ́n gbà jáde.

Àmọ́ àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó padà wá bá adìẹ wí. Èmi adìẹ ti gba ìbáwí tèmi. Akátá ńkọ́? Ẹ̀bi èmi tí mo pín fọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò lè bá ti iléeṣẹ́ ìjọba dọ́gba, torí pé àwọn ni wọ́n ní àkọsílẹ̀ ẹni tó gbé ìbọn, iye ọta tó gbà àti ẹni tó pàṣẹ fún un. Èmi lè ṣàṣìṣe nítorí mi ò mọ̀. Àwọn mọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2023, lẹ́tà ìjọba kan jáde síta pé ìjọba Èkó fọwọ́ sí mílíọ̀nù 61 náírà ó lé díẹ̀ láti fi sin òkú 103 tí wọ́n kó jọ lásìkò rògbòdìyàn 2020. Ìjọba ní òkú náà kì í ṣe ti Lekki, pé láti àwọn àdúgbò míì l'Ékòó àti ọgbà ẹ̀wọ̀n Ìkòyí ni. Ó dáa, ká gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn 103 ṣì ni. Ta ni wọ́n? Ta ló pa wọ́n? Kí ló dé tó fi jẹ́ pé inú lẹ́tà tó jò síta la ti gbọ́?

Mi ò gbàgbé àwọn ọlọ́pàá o. Ààrẹ Buhari ní èèyàn 51 lára aráàlú, ọlọ́pàá 11 àti ọmọ ogun 7 ló kú nínú rògbòdìyàn náà. Àwọn ọlọ́pàá yẹn ní ìyàwó, wọ́n ní ọmọ. Ìwádìí gidi ì bá gbèjà tiwọn náà.

Ẹni tó ní Lekki ti di ìtàn, ẹ jẹ́ kó wo oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Àwọn ọ̀dọ́ tún jáde nítorí ebi àti ọ̀wọ́n gógó. Àjọ Amnesty International ní ó kéré tán, èèyàn 24 ni wọ́n pa. Àwọn ọlọ́pàá ní irọ́ ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n kó àwọn èèyàn 76 wá sílé ẹjọ́ l'Abuja, ọmọ kékeré wà lára wọn, mẹ́rin sì dákú sínú kóòtù níṣojú gbogbo ayé. Àwọn kámẹ́rà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, fídíò náà mọ́ kedere, kò sẹ́ni tó lè pè é ní ayédèrú. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, Ààrẹ Tinubu ti ní kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Ẹ rí i bí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin ṣe ń ṣiṣẹ́?

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ìwọ́de míì bá dé, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ní lọ́wọ́. Àkọ́kọ́, ẹ̀tọ́ yín ni. Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ti sọ láti ọdún 2007, nínú ẹjọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá àti ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP, pé kò pọn dandan kí aráàlú gbàwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó wọ́de. Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 tún sọ ọ́ ní abala 83 pé bí ẹ bá ti fi tó wọn létí, iṣẹ́ wọn ni láti dáàbò bò yín.

Ìkejì, ẹ tọ́jú fídíò yín bí ẹ̀rí, kì í ṣe bí ìròyìn. Ẹ fi fídíò àkọ́kọ́ sílẹ̀ lórí fóònù bó ṣe wà, ẹ má gé e, ẹ má fi orin sí i. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán, á fún un pọ̀, àwọn àkọsílẹ̀ inú ẹ̀ bíi wákàtí àti ibi tí ẹ ti yà á sì lè sọnù. Ẹ ya orúkọ òpópónà, nọ́ńbà ọkọ̀, orúkọ tó wà láyà aṣọ ọlọ́pàá. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ní kóòtù lè gba ohun tó wá látinú ẹ̀rọ, àmọ́ ó ní bó ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́, ó sì ń béèrè ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ náà. Ẹni tó ya fídíò fúnra ẹ̀ ló rọrùn fún jù láti ṣe èyí. Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíì ò lè sọ nǹkan kan.

Ìkẹta, kẹ́ ẹ tó pín ohun tí ẹ kò yà, ẹ fi ìṣẹ́jú méjì wá fọ́tò náà lórí Google Lens. Bó bá jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó lè jáde. Ìṣẹ́jú méjì yẹn ni mi ò lò lálẹ́ ọjọ́ Lekki.

Ìkẹrin, ẹ má jẹ́ kí ó sú yín. Ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kì í ní gbèdéke àkókò lábẹ́ ìlànà tí a ń lò fún un láti ọdún 2009. DJ Switch àti àwọn méjì míì gbé Nàìjíríà lọ sílé ẹjọ́ ECOWAS. Ní ọjọ́ 10, oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹjọ́ náà ní lóòótọ́ ni ìjọba tẹ ẹ̀tọ́ wọn lójú ní Lekki, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì wádìí kí wọ́n fìyà jẹ àwọn tó ṣe é. Owó náà ò tó nǹkan. Àmọ́ ó ti wà nínú ìwé ilé ẹjọ́, kò sẹ́ni tó lè lu ìyẹn ní òǹtẹ̀ “fake news” mọ́.

Lọ́jọ́ tí ìdájọ́ yẹn jáde, mo padà sínú gúrúùpù ẹbí wa. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì nítorí fọ́tò ọdún 2020. Mo wá fi ìlà mẹ́fà ṣàlàyé ohun tí ilé ẹjọ́ sọ, mi ò fi àwòrán kankan sí i. Bàbá Mọ́kọ́lá kà á lójú ẹsẹ̀, mo rí àmì búlúù méjèèjì. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó fèsì. Wọn ò dárúkọ fọ́tò. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: “Nínú àwọn tó yìnbọn yẹn, èwo ni wọ́n ti gbé lọ sílé ẹjọ́?”

Mo tẹ èsì, mo pa á rẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún pa á rẹ́. Mi ò rí orúkọ ẹnì kan kọ síbẹ̀. Ìbéèrè náà ṣì wà nínú gúrúùpù ẹbí wa títí di òní, ìjọba ló sì jẹ Bàbá Mọ́kọ́lá ní èsì.