Ẹṣin Nínú Igbó: Kí Ẹni Tí Ó Fẹ́ Mú Un Pàgọ́ Kọ́kọ́ Gbọ́ Èyí

Àwọn baba wa ní, "Ẹṣin iwájú ni ti ẹ̀yìn ń wò sáré." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ti ẹ̀yìn kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀. Mo sọ èyí nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ń rí àwòrán àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n gun ẹṣin wọ inú igbó, tí wọ́n pàgọ́ sí etí adágún omi, tí wọ́n so ẹṣin sí ìtòsí, tí wọ́n sì ń yáná. Àwọn ọmọ ilé ìwé a máa bi mí pé, "Tíṣà, àwa náà ní igbó, a sì ní adágún tí ìjọba sé ní Ìkùn-Èkìtì. Kí ni kò jẹ́ kí á máa ṣe bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìtàn wa, ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin pàápàá.

OHUN TÍ OJÚ ÀWỌN ẸLẸ́ṢIN RÍ

Ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ Ilé. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ìlú náà wà, koríko sì pọ̀ níbẹ̀, síbẹ̀ láti ìhà òkè, nílẹ̀ Tápà àti Haúsá, ni wọ́n ti ń ra ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹṣin wọn. Ní ọdún 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ṣígun lọ sí Dahomey, wọ́n sì ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n wọn kò lè jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún padà lọ ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Agaja ọba Dahomey a dáná sun ìlú, a sá wọ inú igbó, a sì máa retí òjò. Bí òjò bá ti dé, tí oúnjẹ ẹṣin sì wọ́n, àwọn ará Ọ̀yọ́ a tú ibùdó wọn ká, wọn a sì padà sílé.

Ní nǹkan bí ọdún 1840, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin dó ti Òṣogbo. Àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn kò dúró dè wọ́n ní gbangba lọ́sàn-án. Òru ni wọ́n kọlù wọ́n nínú ibùdó. Ẹṣin tí a so mọ́lẹ̀ lóru, kí ni ó fi sàn ju ewúrẹ́ lọ? Ní ogun Kírìjì tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà bá Ìbàdàn jà láti ọdún 1877, títí ibùdó fi tú ní 1893, ìbọn ni ó ń sọ̀rọ̀ lórí òkè wọ̀nyẹn, kì í ṣe ẹṣin.

ỌBA KÉKERÉ INÚ IGBÓ

Ta ni ó ń bá ẹṣin jà tó bẹ́ẹ̀? Eṣinṣin kan ni. Tsetse ni orúkọ rẹ̀, láti inú èdè àwọn Tswana ní gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 1895, David Bruce, dókítà ọmọ ogun òyìnbó, rí i nílẹ̀ Zulu pé ohun abẹ̀mí kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹran tí ń ṣàìsàn, àti pé eṣinṣin yìí ni ó ń gbé e láti ara ẹran kan dé òmíràn. Bí ó bá bu ẹṣin jẹ, ibà a mú un, yóò máa rù bí ó tilẹ̀ ń jẹun, ẹsẹ̀ àti abẹ́ inú rẹ̀ a wú, yóò sì kú bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀.

Ibo ni eṣinṣin náà fẹ́ràn? Abẹ́ òjìji igi àti etí omi ni. Ẹ ò rí i pé ibi tí ó wu ọmọ ènìyàn jù láti pàgọ́ gan-an ni ilé ọ̀tá ẹṣin!

Kò sí tsetse ní Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí ibì kan bíi Big South Fork, ní ààlà Tennessee àti Kentucky, fi lè ní ibùdó tí wọ́n ṣe fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Síbẹ̀ àwọn náà ní eṣinṣin tiwọn, tí ń gbé àrùn ẹ̀jẹ̀ mìíràn tí kò ní oògùn. Láti nǹkan bí ọdún 1970 sókè ni Dókítà Leroy Coggins ti wá ọ̀nà láti fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mú ẹṣin kọjá láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn ní láti ní ìwé àyẹ̀wò náà lọ́wọ́. Ẹ wò ó, ẹni tí a rò pé ó ń ṣeré kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá.

BÍ A BÁ FẸ́ LỌ SÍBẸ̀

Èkíní, ibi tí ó ga tí ó sì tutù ni ó dára jù. Òkè Obudu, níbi tí wọ́n dá ọgbà màlúù sílẹ̀ ní 1951, ga tó bẹ́ẹ̀ tí tsetse kò fi lè gbé ibẹ̀. Bí a kò bá lè dé irú ibẹ̀, kí á wá ilẹ̀ gbalasa tí ó jìnnà sí odò, kí á sì fi garawa gbé omi wá bá ẹṣin. Ẹṣin kan lè mu ogún sí ogójì lítà omi lójúmọ́. Nítorí náà kí á ka garawa wa kí á tó kúrò nílé.

Èkejì, kí á gbé oúnjẹ rẹ̀ dání. Ẹṣin tí ó wọn 300 kílò yóò jẹ tó kílò mẹ́fà koríko gbígbẹ lójúmọ́. Kí á má ṣe yí oúnjẹ rẹ̀ padà lójijì, nítorí inú rírun a máa pa ẹṣin. Èèpo ìrẹsì tí ó kún ẹ̀yìn ilé ìfọ̀nà ìrẹsì wa ní Ìgbẹmọ kì í ṣe oúnjẹ ẹṣin. Ohun tí a lè tẹ́ sílẹ̀ fún un ni.

Ẹ̀kẹta, kí á má ṣe so ó mọ́ ìdí igi. Yóò bó èèpo igi náà, yóò sì fi pátákò tẹ gbòǹgbò rẹ̀ pa. Kí á na okùn láàárín igi méjì, kí ó ga ju orí ẹṣin lọ, kí á fi aṣọ nínípọn sí ibi tí okùn ti kan igi, kí á wá so ìjánu mọ́ okùn náà. Kí á kó ìgbẹ́ rẹ̀ jìnnà sí omi tí ènìyàn ń mu.

Ẹ̀kẹrin, bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí ó ń rù, dókítà ẹran ni kí á pè, kì í ṣe ẹni tí ń ta oògùn kiri ọjà. Oògùn tí màlúù gbà lè ṣe ẹṣin léṣe.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn wá jù nìyí. Bí a bá fẹ́ ẹṣin fún ìwúyè tàbí fún ọdún, kí á háyà rẹ̀, kí á lò ó, kí á dá a padà kíákíá. Ẹ má ṣe rà á kí ẹ so ó sẹ́yìn ilé lábẹ́ igi kòkó nítorí kí aráyé lè pè yín ní ẹlẹ́ṣin. Ẹṣin kò lè sọ pé ibà ń mú òun. Ẹni tí ó gbé gàárì lé e lẹ́yìn ni ó gbọ́dọ̀ mọ̀.